Owó Aṣọ Ẹgbẹ́, Owó Ọkọ̀ Ẹgbẹ́

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí n tó dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Aṣọ tí mo rán kẹ́yìn, ti màmá mi ni: ìró, bùbá àti ìpèlé, aṣọ òkè tí ẹgbẹ́ wọn yàn fún Ojúde Ọba ọdún 2024. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí aṣọ náà ti wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ti oníbàárà ni aránṣọ ń kọ́kọ́ bójú tó, tilé a dúró. Mo lọ̀ ọ́ tán, mo ká a bí ẹní. N kò ṣẹ́ ẹ po, torí pé aṣọ òkè tó bá ti gba ìlà ìṣẹ́po, irin kì í tètè pa ìlà náà rẹ́. Mo kó o sínú báàgì Ghana-must-go. Gèlè wọ inú páálí bàtà, mo fi bébà tẹ́ inú páálí náà, mo so okùn mọ́ ọn kí n lè máa gbé e lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fara tì í nínú ọkọ̀. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹfà, èmi àti Màmá ti wà létí títì ní Kétu.

A kò ní mọ́tò. Inú ọkọ̀ èrò ni mo ti ń lọ sí Ojúde Ọba láti kékeré, mo sì ti wá rí i pé ẹni tó ní mọ́tò àti ẹni tí kò ní, Ojúde Ọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ti ẹlẹ́ṣin, ti aláṣọ, ti onílẹ̀kẹ̀, ojoojúmọ́ ni à ń rí àwòrán wọn. Ti ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ, tó wọ màrúwá, tó rìn, tó tún wá ọkọ̀ padà lálẹ́, kò sẹ́ni tó ń ya ìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwa ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń péjọ síwájú ààfin Àwùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti kí ọba. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba pé ó fún wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, orúkọ Balógun Kúkù kì í sì í wọ́n nínú ìtàn náà. Lónìí, oníṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, onímọ́ṣáláṣí ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ. Àwọn ilé Balógun àti ilé Ẹlẹ́ṣin á gun ẹṣin wọlé, ìbọn á máa dún. Lẹ́yìn náà ni àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, á máa tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: Gbọ́baníyì, Bọ́bagúntẹ̀, Bọ́bakẹ́yẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Kábíyèsí Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọgbágbá Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, ló jí ètò ẹgbẹ́ yìí dìde padà.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú wọn, òun náà ti lé ní àádọ́rin. Kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní Òjótà, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ibùdókọ̀ ti kún. Ojú lásán lo máa fi mọ àwọn tó ń lọ síbi tí à ń lọ. Páálí gèlè, fìlà nínú ọ̀rá, obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò jíìnsì tó sì kó iyùn sọ́rùn, torí pé kò lè fi iyùn yẹn lé báàgì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ké, "Ìjẹ̀bú-Òde, ó ku ẹnì kan! Ìjẹ̀bú-Òde, ó ku ẹnì kan!" nígbà tí èèyàn inú ọkọ̀ kò tíì pé mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, 3,000 náírà ni mo san lọ sílé. Lọ́jọ́ náà, 5,000 ni.

Mi ò bá wọn jà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà tó sì fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, agbára káká ni awakọ̀ fi ń lè sọ iye kan lónìí kó sì tún gba iye yẹn lọ́la. Ohun mìíràn tún wà tí èrò kì í rò. Láàárọ̀ Ojúde Ọba, gbogbo ayé ló ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá gbé èèyàn mẹ́rìnlá lọ, òfìfo ló máa gbé padà sí Èkó, epo tó sì máa jó lọ náà ló máa jó bọ̀. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ni a ń san owó òfìfo yẹn.

Mo bẹ ọmọ ọkọ̀ kó jẹ́ kí Màmá jókòó níwájú, nítorí orúnkún wọn. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń to èèyàn mẹ́rin mẹ́rin. Ó wo Màmá, ó ní, "Ìyá, ẹ bọ́ síbí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín síbi tó bá wù yín." Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Berger, Ìbafọ̀, Mowé, Kámpù, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ní oríta Ṣàgámù a yà sọ́nà Ọ̀rẹ̀, oòrùn yọ sí wa lójú gan-an bí a ti ń kọjá níbi tí ọ̀nà ti ya lọ sí Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Ní Òdògbólú, obìnrin oníyùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè. Nǹkan bí aago méje ààbọ̀, a dé Mobálúfọ̀n.

Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kò wọ ìgboro. Bí òun bá wọlé, ọ̀sán lòun máa tó ráyè jáde, èrò Òjótà á sì ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kò parọ́. Àmọ́ nígbà tí a ń sanwó, "Ìjẹ̀bú-Òde" ni wọ́n pè, kò sẹ́ni tó pe Mobálúfọ̀n. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ sí etí títì márosẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ ibi tó kàn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn kò dé Ìjẹ̀bú-Òde rí láyé wọn, tí orí fóònù ni wọ́n ti rí ọdún náà. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ààfin ńkọ́.

A rí màrúwá kan, ọmọdékùnrin tó ń wà á ò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó pe 2,500 dé Fọlágbádé nígboro. Màmá yí ohùn sí Ìjẹ̀bú, wọ́n bi í pé ọmọ ìdílé wo ni. Ẹ wo bí ojú ọmọ náà ṣe rọ̀! Ó gba 1,500. Ó sì mọ ìlú. Ó gba ẹ̀yìn ilé kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó kọjá láàárín àwọn obìnrin tó ń fọ àwo ìsasùn àná, àfi bíi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ya ìlú náà sí. Àmọ́ nígbà tó ṣe, a kan igi. Igi gbọọrọ tí wọ́n gbé lé dúrọ́ọ̀mù méjì, ọlọ́pàá dúró tì í. Ọmọ náà yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ibi tí ọ̀nà mọ fún kẹ̀kẹ́ nìyí."

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Ìrìn tí èmi nìkan lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn, a fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì rìn ín. Mo ka á, torí pé gbogbo ìgbà tí Màmá bá dúró, wọn á ní, "Aago mélòó ló lù?" Kò sí ibi ìjókòó kankan. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà ló dìde lórí àpótí rẹ̀, tó fi aṣọ nù ún, tó ní kí Màmá jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ẹṣin kan ń kọjá lọ, wọ́n ti dì wọ́n lámùrè tán, ṣaworo ń dún lọ́rùn wọn. Ọ̀kan na ọrùn, ó fi imú gbọ́ òórùn páálí gèlè tó wà lọ́wọ́ mi. Èémí rẹ̀ gbóná lẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo gbé páálí náà ka orí, Màmá sì ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdájí.

Ojú igi ìdènà yẹn ni mo ti rántí ìtàn tí bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ fún wa. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́, ọ̀nà ni agbára wọn. Àárín ọ̀sà àti òkè ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà. Iyọ̀, ìbọn àti aṣọ tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, epo pupa àti èkùrọ́ tó bá ń ti òkè bọ̀ wá sí etí òkun, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ló ń gbà kọjá, àlejò kò sì lè kàn rìn wọ ìlú bó ṣe wù ú. Oníbodè wà. Ọjà ẹnu ààlà wà, níbi tí tòní tọ̀hún ti ń pàdé. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí náà ló di ogun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà ayé Àwùjalẹ̀ Tùnwàṣe, àwọn ọmọ ogun Òyìnbó gba Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n bá àwọn baba wa jà ní Ìmagbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí bàbá mi máa ń fi parí ìtàn náà ni pé kò sí ìlú tó mọ ìwúlò ọ̀nà bíi Ìjẹ̀bú.

Mo jókòó ti Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada àkàrà, mo ń wo igi yẹn, mo ní lọ́kàn mi pé a ṣì mọ bí a ṣe ń ti ọ̀nà. Ó sì yẹ kí a tì í lọ́jọ́ náà. Ibi tí ẹṣin àti ọmọdé wà, mọ́tò kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbodè àtijọ́ mọ ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, ó mọ ibi tó ń lọ, ó sì mọ ibi tó máa gbà. Ta ló mọ̀ pé ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń bọ̀ láti Kétu, tó fẹ́ kí ọba rẹ̀, tí kò sì lè rìn jìnnà?

Ọdún náà fúnra rẹ̀, ẹ ti rí àwòrán rẹ̀, mi ò ní fi ṣe ìtàn sọ. A wọṣọ nílé ẹbí wa kan, mo wé gèlè fún Màmá, gèlè náà ò fi ibì kankan rún. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wọlé tí ìlù sì gbà á, orúnkún tí à ń bẹ̀ láti àárọ̀, n kò mọ ibi tó gbà lọ. Wọ́n jó. Àwọn obìnrin mọ́kànlélógún láti ẹ̀ka Èkó, èmi ni mo rán aṣọ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, mo ń wo etí ìró wọn bó ṣe ń fì láìsí èyí tó gùn ju ìkejì lọ. Omi bọ́ lójú mi. Bí n kò bá tún rí òmíràn, mo rí ìyẹn.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni a kúrò níbẹ̀. Ìsinmi Iléyá parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an. Ní Ọjọ́rú, iṣẹ́ ń dúró de gbogbo èèyàn. Nítorí náà, àwọn tó fi ọjọ́ mẹ́ta wọ ìlú díẹ̀díẹ̀, wákàtí méjì péré ni gbogbo wọn fẹ́ fi jáde.

Ọkọ̀ tó wà láàárọ̀ kò sì sí mọ́. Ẹ rántí òfìfo tí mo wí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó yí padà: awakọ̀ tó bá fẹ́ wá kó wa, láti Èkó ló ti máa gbé òfìfo bọ̀. Kò mọ iye wa, kò mọ ibi tí a wà, kò sì dá a lójú pé òun máa rí ọ̀nà wọlé. Kò sí ẹni tó bá àwọn tó gbé wa wá láàárọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dúró, a ó san owó ìdúró fún wọn. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó wọ gáréèjì nírọ̀lẹ́ yẹn, ẹni tó lágbára jù ló ń wọ̀ ọ́. Mo rí ọkùnrin tó gba fèrèsé wọlé pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Mo rí ọmọge tó ń sunkún torí pé owó rẹ̀, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì ti kú fin-ín, ẹ̀rọ POS kan ò ṣiṣẹ́ ní gbogbo àyíká náà. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtilọ, ẹ mú owó lọ́wọ́, kí ẹ sì fi bàtà rọ́bà sínú báàgì.)

A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọ̀kan. Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo di ìgbáròkó wọn mú láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan tì wá. Màmá fà sẹ́yìn, etí ìró wọn sì kọ́ irin ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà. Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ránṣọ nìkan ló mọ ohùn yẹn nínú ariwo ọjà: òwú tó ń já tẹ̀ léra, tẹ-tẹ-tẹ-tẹ, bí ẹni ń fa ọ̀já. Ó ya tó ìka mẹ́rin. Ọkọ̀ lọ. Màmá wo etí ìró náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Má sunkún. Aṣọ ni." Èmi sì ni mo rán etí yẹn, lálẹ́ àná, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, nígbà tí ojú mi ti ń pọ́n.

Aago méje kọjá. Obìnrin kan tó ń ta omi ló sọ fún wa pé kí a má dúró síbẹ̀ mọ́, pé bọ́ọ̀sì tó ń ti Ọ̀rẹ̀ àti Benin bọ̀ máa ń ní àyè kan tàbí méjì, kí a lọ dúró sí Mobálúfọ̀n. Màrúwá kò sí. Ọ̀kadà ló wà.

Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fẹ̀gbẹ́ jókòó lórí ọ̀kadà nínú aṣọ òkè, kì í ṣe ohun tó dára láti rí. Mo fi ìpèlé so ìró wọn mọ́ ẹsẹ̀ kí ó má baà wọ inú ṣéènì, mo gba gèlè lórí wọn, mo bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra. Ó ní, "Màmá tèmi náà ni wọ́n, àǹtí." Ó gba 1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lórí ọ̀kadà kejì lẹ́yìn wọn, iná ọ̀kadà tèmi mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn ní gbogbo ọ̀nà, mo rí bí wọ́n ti di èjìká ọmọ náà mú. N kò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ohun tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Èèyàn bí ogójì la bá ní Mobálúfọ̀n nínú òkùnkùn, àgbàlagbà ló pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ọkọ̀ ńlá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ó di aago mẹ́sàn-án kí bọ́ọ̀sì kan tó ń ti Ọ̀rẹ̀ bọ̀ tó dúró. Àyè mẹ́ta ló ní, 8,000 náírà ẹnì kan. A wọlé.

Nínú ọkọ̀, fóònù ló ń tàn lójú gbogbo èrò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dé. Àwòrán kan náà ni gbogbo wọn ń wò: Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin ọjọ́ náà, lórí ẹṣin, pẹ̀lú dígí lójú, tátùù lápá, sìgá lẹ́nu. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi han Màmá. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí dára lórí ẹṣin o. Ìgbà wo ló kọjá tí a ò rí i?" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ bàtà, tí wọ́n ní kí n bá wọn wo ẹsẹ̀ wọn. Ó ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀.

A dé Berger ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ tó gbé wa dé Kétu gba 2,000 lọ́wọ́ àwa méjèèjì.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè jókòó ṣírò rẹ̀. Lọ, 10,000. Màrúwá, 1,500. Ọ̀kadà, 2,000. Àbọ̀, 16,000. Berger sí Kétu, 2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 31,500 náírà fún àwa méjì, láìka aṣọ tó ya àti ẹsẹ̀ tó wú. Mo wá pe awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ládùúgbò, tó ní bọ́ọ̀sì oníjókòó 18. Mo ní, tí a bá háyà rẹ ní àárọ̀ Ojúde Ọba, kí o gbé wa lọ, kí o dúró, kí o gbé wa bọ̀, èló ni? Ó ní 250,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 18: kò tó 14,000 lórí ẹnì kan, àlọ àti àbọ̀. Èmi àti Màmá ì bá ná 28,000, a ò bá sì ti sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìdí tó fi rọjú nìyẹn: òfìfo ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ tó dúró dè ọ́ kò gbé òfìfo lọ, kò gbé òfìfo bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí aránṣọ mọ̀. Aṣọ òkè, aṣọ bùbá, owó ìránṣọ, bàtà, pọ́ọ̀sì, àtúnṣe ìlẹ̀kẹ̀: nínú ẹgbẹ́ Màmá lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó ná tó kéré sí 150,000. Wọ́n ṣe ìpàdé márùn-ún lórí àwọ̀ gèlè nìkan. Àkápò wà tó ń gba owó aṣọ, ìwé wà tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ẹni tí kò bá tètè san, wọ́n á pè é lórí fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́. Ètò náà gún régé. Òun ni mo ṣe ń sọ pé agbára àtiṣe é wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹgbẹ́ bá lè dá owó aṣọ, ẹgbẹ́ lè dá owó ọkọ̀. Ìwé kan náà ni, àkápò kan náà ni.

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, Màmá kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ dùn lẹ́nu. Ẹnì kan ní àwọn èèyàn á rò pé ẹgbẹ́ àwọn kò lọ́mọ tó ní mọ́tò. Ẹlòmíràn ní ọmọ òun ló máa ń gbé òun lọ. Màmá ní, "Ibo lọmọ rẹ gbé ọ dé lọ́dún tó kọjá?" Obìnrin náà dákẹ́, ó ní, "Mobálúfọ̀n." Ẹ̀rín gba ilé. Ẹ̀rín yẹn ló ṣí i.

Ohun tí mo ń fẹ́ kọjá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń kọ orúkọ wọn sára àgọ́ àti pátákó lọ́jọ́ Ojúde Ọba, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ tirẹ̀ sára ogún bọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láti ẹnu títì márosẹ̀ sí etí ibi tí wọ́n dí. Kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà rìn. Kí wọ́n kọ iye owó màrúwá sí pátákó gàgàrà ní Mobálúfọ̀n àti ní gáréèjì Ìbàdàn àti gáréèjì Ẹ̀pẹ́, kí àlejò má baà rò pé ìlú wa ń rẹ́ni jẹ. Àwọn ọmọ màrúwá yẹn mọ gbogbo kọ̀rọ̀. Kí wọ́n pè wọ́n sí ìpàdé kí ọdún tó dé, kí wọ́n bi wọ́n léèrè. Ọmọ tó gbé wa yẹn, mo gbà pé ohun tó mọ̀ nípa ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde ju ti ẹni tó gbé igi yẹn síbẹ̀ lọ.

Ọdún 2025, ọjọ́ Àìkú 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní 13 oṣù Keje, Kábíyèsí Adétọ̀nà wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, nítorí náà Ojúde Ọba tó kẹ́yìn ìgbà tiwọn ni. A ò mọ̀ nígbà náà. Inú mi dùn pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ Màmá tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá dúró sílé.

Bọ́ọ̀sì kan la háyà. Àwọn méjìdínlógún san, àwọn tó kù ní ọmọ wọn á gbé wọn. A dé láago méje. A ti bá màrúwá mẹ́rin sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n sì ń dúró dè wá. Wọ́n gbé àwọn ìyá dé ibi tí igi wà, ọmọ méjì sì gbé àpótí ìjókòó tẹ̀ lé wọn láti ibẹ̀, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó. Ẹni tó bá wọn rìn ní kò sẹ́ni tó jókòó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ní aago márùn-ún, bọ́ọ̀sì wà nínú ọgbà tí a gbé e sí, dẹ́rẹ́bà ti sùn, ó ti jí. Àwọn ìyá ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn. Màmá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé àkápò lọ́wọ́, wọ́n ń fi bírò tẹ orúkọ. Dẹ́rẹ́bà bi wọ́n pé ṣé kí òun ṣáná. Wọ́n tún ìwé náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n na ọrùn wo ojú ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Dúró. Ó ku ẹnì kan."

Ó pa ẹ́ńjìnnì.